Ojú Ínṣì 8 àbí Ínṣì 10: Yíyan Tábúlẹ́ẹ̀tì fún Wíwọn Oko Kòkó ní Ìsẹ̀-Èkìtì

Àwọn alágbàtà kòkó kan ní Ìsẹ̀-Èkìtì fẹ́ ra tábúlẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ méjìlá, irú èyí tí wọ́n ṣe láti gba òjò, eruku àti ìjábọ́ mọ́ra. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni wíwọn oko àwọn àgbẹ̀ tó ń ta kòkó fún wọn, láti Ìsẹ̀ dé Emùré, títí kan àwọn aba tó wà létí Igbó Ọba Ìsẹ̀. Fóònù lásán làwọn òṣìṣẹ́ wọn ń lò tẹ́lẹ̀. Ní ọ́fíìsì, ínṣì 10.1 ni gbogbo wọn fẹnu kò sí, nítorí máàpù á hàn dáadáa lórí rẹ̀, orúkọ àgbẹ̀ á sì ṣeé kà láìfi ojú wá a. Ìwé ìrajà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde kí ìbéèrè kan tó dá wọn dúró: ibo ni ọwọ́ ẹni tó gbé e máa wà lásìkò tó bá ń lò ó? Ohun tí wọ́n rà níkẹyìn yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé àkọ́kọ́, ìdí rẹ̀ la sì tò sílẹ̀ níbí.

Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2023 lórí pípa igbó run ló fa wíwọn oko yìí. Kòkó tó bá máa wọ ọjà wọn gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ ilẹ̀ tó ti hù, ilẹ̀ náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ igbó tí wọ́n pa lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020. Oko tí kò ju hẹ́kítà 4 lọ, àmì kan ṣoṣo tó ń tọ́ka sí ibi tó wà lórí máàpù tó fún un. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn nǹkan bí éékà 10 sókè, ààlà rẹ̀ yíká ni wọ́n ń béèrè. Nílùú tí igbó ọba wà létí oko, tí ìnàkí ṣì ń gbé inú igbó náà, ààlà tó bá yà díẹ̀ lórí máàpù lè mú kó dà bíi pé oko ẹni ti wọ igbó ọba. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ máàpù tó hàn dáadáa fi wọ̀ wọ́n lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ nínú oko

Òṣìṣẹ́ á gun ọ̀kadà dé aba. Á kí bàbá tàbí ìyá oníkòkó, á jókòó bí wọ́n bá fún un ní àpótí, á sì gba orúkọ, nọ́ńbà NIN, iye oko, ọdún tí wọ́n gbìn ín. Á ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jọ wọ inú oko lọ rìn ààlà. Apá yìí ló gùn jù. Onílẹ̀ ló ń ṣíwájú pẹ̀lú àdá, ó ń tọ́ka sí pèrègún tí bàbá rẹ̀ gbìn sí igun ilẹ̀, òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ lé e, ó ń dúró ní igun kọ̀ọ̀kan láti gba àmì. Tí wọ́n bá padà dé aba, àgbẹ̀ á wo máàpù, á gbọ́ iye hẹ́kítà, á fọwọ́ sí i. Ní alẹ́ tàbí lọ́jọ́ kejì, alábòójútó ní ọ́fíìsì á gbé ààlà náà lé orí fọ́tò ilẹ̀ tí sátẹ́láìtì yà, á wò ó bóyá ó wọ oko aládùúgbò, bóyá ó kọjá odò, bóyá ó fẹnu kan igbó ọba.

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ìgbà kan péré ni tábúlẹ́ẹ̀tì ń wà lórí tábìlì nínú gbogbo èyí, ìyẹn lọ́wọ́ alábòójútó. Ìyókù, ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń gbé e, ọwọ́ kejì ń tẹ ẹ́, ó ń ti ẹ̀ka sẹ́yìn, tàbí ó ń di igi mú lórí afárá onígi kan. Ẹni tó ń yan ojú ẹ̀rọ ní ọ́fíìsì sì ń fi tábìlì ronú láìmọ̀.

Ohun tí ínṣì ń sọ, àti ohun tí kò sọ

Ínṣì tí wọ́n kọ sára páálí ni ìwọ̀n láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́, kì í ṣe fífẹ̀. Ínṣì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54. Tí ojú ẹ̀rọ bá jẹ́ irú tó gùn ní 16 tó sì fẹ̀ ní 10, bí ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ṣe rí, ínṣì 8 gùn ní sẹ̀ǹtímítà 17.2, ó fẹ̀ ní 10.8. Ínṣì 10.1 gùn ní nǹkan bí 21.8, ó fẹ̀ ní 13.6. Ínṣì 7 gùn ní 15.1, ó fẹ̀ ní 9.4. Tí ẹ bá sọ wọ́n di gbogbo ààyè ojú wọn, ti ínṣì 10.1 fi ìdá 59 nínú 100 ju ti ínṣì 8 lọ, bẹ́ẹ̀ ínṣì méjì péré ló dà bíi pé ó wà láàárín wọn. Irú tó jẹ́ 4 sí 3 sì yàtọ̀: ínṣì 8 onírú yẹn fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12.2, ó kúrú, ó sì nira díẹ̀ láti fi ọwọ́ kan gbá mú. Nítorí náà, kí ẹ máa béèrè gígùn àti fífẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ má gba ínṣì nìkan.

Ẹ jẹ́ ká gbé oko kan lé e. Oko tó jẹ́ mítà 200 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ hẹ́kítà 4 gééré. Tí a bá fẹ́ rí i tán lójú kan, pẹ̀lú mítà 25 sí i ní ọ̀tún àti mítà 25 ní òsì, mítà 250 ló gbọ́dọ̀ wọ inú fífẹ̀ ẹ̀rọ tí a gbé dúró lóòró. Lórí fóònù tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 6.8, sẹ̀ǹtímítà 1 dúró fún nǹkan bí mítà 37. Lórí ínṣì 8, ó dúró fún mítà 23. Lórí ínṣì 10.1, mítà 18. Orí ìka èèyàn sì ń bo nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 1. Èyí ni pé kíkúrò lórí fóònù bọ́ sórí ínṣì 8 yọ mítà 14 kúrò nínú ohun tí ìka ń bò mọ́lẹ̀. Kíkúrò lórí ínṣì 8 bọ́ sórí 10.1 kò yọ ju mítà 5 lọ.

Mítà 5 yẹn kò ju àṣìṣe GPS fúnra rẹ̀ lọ. Ní gbangba, GPS inú tábúlẹ́ẹ̀tì sábà máa ń ṣìnà ní mítà 3 sí 5. Lábẹ́ ewé kòkó tó ti pàdé lókè, ó máa ń burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àmì tó ń bọ̀ láti ojú ọ̀run ń gba ara ewé àti igi kọjá, òmíràn tilẹ̀ ń ta padà kó tó dé. Bí ààlà oko hẹ́kítà 4 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan bá yọ síta ní mítà 5 ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, máàpù á kà á sí hẹ́kítà 4.41. Oko tí àmì kan tó fún tẹ́lẹ̀ ti di èyí tí wọ́n ń béèrè ààlà rẹ̀ yíká. Ojú ẹ̀rọ ì báà fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, kò lè tún èyí ṣe. Ohun tó ń tún un ṣe ni kí òṣìṣẹ́ dúró ní igun kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60 kí ẹ̀rọ lè kó àmì púpọ̀ jọ kó sì fi ṣe ìṣirò ìwọ̀n àárín, tàbí kí wọ́n ra ẹ̀rọ GPS tó dá dúró, tí ń fi Bluetooth bá tábúlẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀, tí wọ́n lè gbé sórí fìlà tàbí orí ọ̀pá. Owó tí wọn kò ná sórí ojú ńlá ni wọ́n fi ra méjì nínú irú ẹ̀rọ yẹn fún àwọn oko tó wà létí igbó ọba. Ìnáwó yìí ló wúlò jù nínú gbogbo ètò náà.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ṣe máàpù mọ̀ dáadáa: nínú oko, ìrìn ló ń ya ààlà, kì í ṣe ìka. Òṣìṣẹ́ kò fi ìka ya ilà sórí fọ́tò sátẹ́láìtì. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ni ẹ̀rọ ń kọ sílẹ̀. Ìka ń wọ̀ ọ́ nígbà tí alábòójútó bá ń fa igun kan sẹ́yìn nítorí ó ti bọ́ sínú odò. Iṣẹ́ tábìlì nìyẹn, níbẹ̀ ni ojú fífẹ̀ ti ń sanwó ara rẹ̀ padà.

Pátákó, iyanrìn àti àtẹ́lẹwọ́

Kí wọ́n tó gbà, wọ́n ṣe àdánwò tí kò ná wọn ní nǹkan kan tó pọ̀, a sì rọ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra ju ẹyọ mẹ́ta lọ láti ṣe é. Wọ́n wá ìwọ̀n ara ẹ̀rọ gidi, nítorí ara máa ń tóbi ju ojú lọ. Samsung Galaxy Tab Active3, tó jẹ́ ínṣì 8, fẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 12.7, ó gùn ní 21.4, ó sì wúwo ní nǹkan bí gíráàmù 430 láìwọ ẹ̀wù. Galaxy Tab Active4 Pro, tó jẹ́ ínṣì 10.1, fẹ̀ ní 17, ó gùn ní 24.3, ó wúwo ní gíráàmù 674. Àwọn kan wà tí tiwọn lé ní kílò 1, pàápàá àwọn tó ń lo Windows. Tí ẹ bá fi ẹ̀wù rọ́bà, bẹ́líìtì ọwọ́ àti okùn èjìká kún un, ẹ ka nǹkan bí gíráàmù 600 fún kékeré, 950 fún ńlá.

Káfíńtà gé pátákó púláíwúùdù sí ìwọ̀n méjèèjì. Wọ́n da iyanrìn sínú ọ̀rá, wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kó má baà dà sí apá kan, wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn pátákó, wọ́n ń wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n títí ó fi pé. Wọ́n tẹ fọ́ọ̀mù gan-an jáde sórí bébà ní ìwọ̀n tó máa ní lójú ẹ̀rọ, láìsọ ọ́ di ńlá tàbí kékeré, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé ọ̀kan rìn yíká oko kan ní òwúrọ̀, ó gbé èkejì ní ọ̀sán. Wọ́n ní kí wọ́n ṣe ohun tí wọn ì bá ṣe gan-an: kí wọ́n fi ọwọ́ òsì gbá a mú kí wọ́n fi ti ọ̀tún tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n yà sórí bébà, kí wọ́n gbé e sókè bí ẹni ń ya fọ́tò, kí wọ́n fà á fún àgbàlagbà kan láti wò, kí wọ́n kì í bọ àpò, kí wọ́n tún yọ ọ́. Ẹnì kan ń tẹ̀ lé wọn, ó ń sàmì sílẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá pààrọ̀ ọwọ́, tí wọ́n bá gbé e lé itan, tàbí tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀.

Ohun tó jáde kò ṣòro láti rí. Ara tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12.7, àtẹ́lẹwọ́ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lè gbá a mú láti ẹ̀yìn, àtàǹpàkò níhìn-ín, àwọn ìka lọ́hùn-ún. Èyí tó fẹ̀ ní 17, ọ̀pọ̀ ọwọ́ kò gbá a mú láìsí bẹ́líìtì ẹ̀yìn. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń dì mú, gbogbo ìwúwo yòókù á sì máa fa ọrùn ọwọ́ wálẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ méjèèjì gbé e, tàbí kí wọ́n gbé e mọ́ àyà. Bí wọ́n bá gbé e mọ́ àyà, ara àti ọwọ́ lè bo ibi tí eriali GPS wà, àmì á túbọ̀ ṣìnà. Bí àtàǹpàkò bá sì gun ojú ẹ̀rọ nítorí wọ́n fẹ́ kó dúró, ẹ̀rọ á rò pé wọ́n tẹ ẹ́. Nínú oko, ìtẹ̀sí kan bẹ́ẹ̀ lè pa ààlà tí wọ́n ti rìn dé ìdajì rẹ́.

Ìwúwo tún wọ ọ̀rọ̀ ìjábọ́. Ẹ̀rọ gíráàmù 600 tó já bọ́ láti mítà 1.2 fi agbára tó tó nǹkan bí joule 7 kọlu ilẹ̀. Èyí tó jẹ́ 950 fi nǹkan bí 11 kọlù ú. Gíláàsì tó fẹ̀ sì rọrùn láti tẹ̀ kó tó fọ́. Ìdánwò ìjábọ́ inú MIL-STD-810H, ìlànà àwọn ológun Amẹ́ríkà tí wọ́n máa ń kọ sára páálí, ìjábọ́ 26 ni fún ojú, etí àti igun ẹ̀rọ, láti nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 122, ṣùgbọ́n orí púláíwúùdù tí wọ́n tẹ́ lé kọnkéré ni wọ́n sábà ti ń ṣe é. Òkúta wẹ́wẹ́ Èkìtì kì í ṣe púláíwúùdù. Ìwé yẹn wúlò, ẹ kà á sí ẹ̀rí pé wọ́n kọ́ ẹ̀rọ náà dáadáa, ẹ má kà á sí ìlérí pé kò lè fọ́.

Oòrùn ibi ìsákòkó

Ẹni tí kò bá dé oko rí á rò pé inú oko ni oòrùn ti ń dí ojú ẹ̀rọ lọ́wọ́. Òdìkejì rẹ̀ ni. Abẹ́ kòkó ní ibòji, ojú tó ń tàn ní nit 500 sí 600 (nit ni ìwọ̀n bí ojú ẹ̀rọ ṣe ń tàn tó) tó láti kà níbẹ̀. Wàhálà wà ní àgbàlá aba, níbi tí wọ́n ń sá kòkó sí, nítorí pé níbẹ̀ ni àgbẹ̀ ti ń wo máàpù tó sì ń fọwọ́ sí i. Ní ọ̀sán gangan, ìmọ́lẹ̀ oòrùn lè tó lux 100,000 (lux ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí nǹkan). Ojú tó ń tàn ní nit 400 á dà bíi dígí dúdú tí èèyàn ń fi wo ara rẹ̀. Nit 800 sí 1,000 ló yẹ kí èèyàn máa wá, kí gíláàsì rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú ẹ̀rọ ní tààrà láìsí afẹ́fẹ́ láàárín, nítorí ààyè tí afẹ́fẹ́ wà ni ìmọ́lẹ̀ ti ń ta padà sójú ẹni.

Ojú ńlá kò ran èyí lọ́wọ́. Lẹ́tà kan náà tí oòrùn ti pa á rẹ́ lórí ínṣì 8, ó pa á rẹ́ lórí 10.1 pẹ̀lú, bí nit wọn bá dọ́gba. Ẹ̀rọ kékeré tilẹ̀ ní àǹfààní kan: ara ẹni lè fún un ní ibòji. Kí òṣìṣẹ́ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kí ó tẹ ẹ̀rọ síwájú díẹ̀, òjìji àyà rẹ̀ á bo ínṣì 8 tán. Ti 10.1, etí rẹ̀ á ṣì wà nínú oòrùn.

Omi náà ní tirẹ̀. Tí òjò bá ta sí ojú ẹ̀rọ, ẹ̀kán omi lè tẹ bọ́tìnnì bí ìka ṣe ń tẹ ẹ́. Omi kòkó tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ́ kòkó máa ń lẹ̀, ó sì ń mú kí ìka fa nǹkan tí kò fẹ́ fà. Ẹ wá ẹ̀rọ tó ní ètò fún ọwọ́ tútù tàbí ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì mú pẹ́ńsùlù tí wọ́n fi ń tẹ ojú rẹ̀ dání. IP67 túmọ̀ sí pé eruku kò wọlé, omi tó jìn ní mítà 1 kò sì wọlé fún ìṣẹ́jú 30. Kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú bóyá ojú ẹ̀rọ á gbọ́ràn nínú òjò. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń da méjèèjì pọ̀.

Bátìrì tí ojú ń jẹ

Àwọn tó fẹ́ ínṣì 10.1 sọ pé bátìrì rẹ̀ tóbi jù. Òótọ́ ni. Ti Active4 Pro jẹ́ mAh 7,600 (mAh ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà), ti Active3 jẹ́ 5,050, ó fi ìdá 50 nínú 100 jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fi ìdá 59 jù ú lọ, tí wọ́n bá sì tàn án dé òpin nínú oòrùn, ojú ni ó ń jẹ iná jù. Èrè tí bátìrì ńlá mú wá, ojú ti jẹ ẹ́ kó tó délé.

Nígbà tí iná kò bá dúró, power bank ni wọ́n ń gbára lé. Èyí tí wọ́n kọ mAh 20,000 sí lára ní agbára iná tó tó nǹkan bí Wh 74 nínú, ìdá 70 nínú 100 rẹ̀ ló sábà máa ń dé inú ẹ̀rọ. Ó lè kún bátìrì ínṣì 8 yẹn ní ẹ̀ẹ̀méjì àbọ̀ ó lé díẹ̀. Ti ńlá, kò pé ẹ̀ẹ̀méjì. Wọ́n kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ sí ṣáàjì lórí tapolíìnì tí wọ́n sá kòkó sí tàbí lórí ọ̀kadà nínú oòrùn: bátìrì lítíọ́ọ̀mù kò yẹ kó gba iná tó bá ti gbóná ju 45°C lọ, ẹ̀rọ tó bá gbọ́n á kọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, òṣìṣẹ́ á sì rò pé wáyà ló bàjẹ́. Ẹ̀rọ tí bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n ra bátìrì àfikún kan fún òṣìṣẹ́ méjì-méjì.

Ohun tí wọ́n rà, àti ohun tó kọ́kọ́ dà rú

Mẹ́wàá jẹ́ ínṣì 8 fún àwọn tó ń wọ oko. Méjì jẹ́ ínṣì 10.1, ọ̀kan fún alábòójútó tó ń yẹ ààlà wò, ọ̀kan fún ilé ìkẹ́rù níbi tí wọ́n ti ń wọ̀n kòkó, tí ẹ̀rọ sì dúró lórí pátákó tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Ínṣì 7 ò yẹ wọ́n. Ó rọrùn lọ́wọ́, àmọ́ ààyè tó fi ju fóònù ńlá lọ kò tó fún àgbàlagbà tó fẹ́ ka orúkọ ara rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù ló kọ́kọ́ dà rú. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣe é, ó ní òpó méjì, wọ́n sì ń lò ó ní ìdùbúlẹ̀. Tí wọ́n bá gbé ínṣì 8 dùbúlẹ̀, gíga ojú rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 10.8 lọ, kíbọ́ọ̀dù á gba nǹkan bí ìdajì, ohun tó kù fún fọ́ọ̀mù kò ju ìlà méjì lọ. Òṣìṣẹ́ ń kọ nǹkan síbi tí kò rí. Wọ́n tún un ṣe sí òpó kan, wọ́n ti ẹ̀rọ pa sí òòró, wọ́n fi ìbéèrè mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sọ bọ́tìnnì di milimita 12 ní gíga, wọ́n sì gbé èyí tó ń parí ààlà jìnnà sí èyí tó ń pa á rẹ́. Níbi tí ó bá ṣeé ṣe, wọ́n fi àṣàyàn rọ́pò kíkọ: orúkọ aba, irú kòkó, ọdún. Ìyípadà yìí ló mú kí ínṣì 8 tó. Ká ní wọn kò ṣe é ni, àwọn òṣìṣẹ́ ì bá ti máa bẹ̀bẹ̀ fún ojú ńlá, wọn ì bá sì jàre.

Ìkejì ṣòroó mọ̀. Òṣìṣẹ́ kan rí i pé àwọn bàbá kò lè ka lẹ́tà, ó wọ inú ètò ẹ̀rọ, ó sọ gbogbo ohun tó wà lójú rẹ̀ di ńlá. Lójijì ni apá máàpù kúrò lójú fọ́ọ̀mù, ó lọ sínú ojú ewé mìíràn. Android ń wọn fífẹ̀ ojú ẹ̀rọ ní ohun tí wọ́n ń pè ní dp. Ọ̀pọ̀ áàpù máa ń fi ètò fóònù hàn tí kò bá tó 600, ètò tábúlẹ́ẹ̀tì kékeré láti 600, ètò tábúlẹ́ẹ̀tì ńlá láti 720. Ẹ̀rọ ínṣì 8 tó ní pixel (àwọn ẹ̀kán kéékèèké tó ń ya àwòrán lójú ẹ̀rọ) 1,920 sí 1,200 lè wà lórí 600 gééré. Tí èèyàn bá lo Display size láti sọ nǹkan di ńlá, dp á dínkù, áàpù á rò pé orí fóònù ni òun wà. Font size ló yẹ kó lò, nítorí lẹ́tà nìkan ni ìyẹn ń fà gùn. Lẹ́tà tó ga ní milimita 4 sí 5 tó fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, nǹkan bí lẹ́tà 30 á sì wọ ìlà kan lórí ínṣì 8 tó wà lóòró. Ojú ewé ìfọwọ́sí ni wọ́n fi lẹ́tà yìí sí, nǹkan mẹ́ta péré ló sì wà níbẹ̀: orúkọ, iye hẹ́kítà, àwòrán ààlà. Òṣìṣẹ́ á fà á fún àgbẹ̀, á ní, “Bàbá, ẹ bá mi wo orúkọ yín níbí, ṣé bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn?” Ó máa ń dúró kí wọ́n kà á tán. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí àṣìṣe orúkọ tó ì bá dá owó dúró lẹ́yìnwá ọ̀la.

Àwọn kan lẹ gíláàsì àfikún mọ́ ojú ẹ̀rọ tuntun wọn láti dáàbò bò ó. Ojú ẹ̀rọ kò gbọ́ ọwọ́ tútù mọ́, ó sì ń ta ìmọ́lẹ̀ padà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí wọ́n ṣí i kúrò. Sìkúrù bẹ́líìtì ẹ̀yìn náà ń tú nítorí gbígbọ̀n ọ̀kadà. Ó di ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n gbà láyè láti de ẹ̀rọ mọ́ ọwọ́ ọ̀kadà, yálà ńlá tàbí kékeré: inú àpò tó ní fóòmù ló ń wà, lẹ́yìn tàbí níwájú àyà.

Tí iṣẹ́ bá yàtọ̀, ìdáhùn náà á yàtọ̀. Ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ sínú ọkọ̀ tí ó sì dúró sí ojú kan, nọ́ọ̀sì tó ń ti kẹ̀kẹ́ oògùn kiri wọ́ọ̀dù, ẹni tó ń wo àwòrán ilé níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ínṣì 10.1 sí 12 ló yẹ wọ́n, nítorí nǹkan mìíràn ló ń gbé ẹ̀rọ fún wọn tàbí wọ́n ní ibi tí wọ́n ń gbé e lé. Ẹni tó jẹ́ pé bákóòdù nìkan ló ń kà nínú ilé ìkẹ́rù, ínṣì 7 tàbí fóònù iṣẹ́ tó fún un.

Ìwé ìrajà tó jáde níkẹyìn kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ínṣì mọ́. Ó béèrè pé kí fífẹ̀ ara ẹ̀rọ má ju sẹ̀ǹtímítà 13 lọ, kí ìwúwo pẹ̀lú ẹ̀wù àti bẹ́líìtì má ju gíráàmù 600 lọ, kí ojú tàn tó nit 800 ó kéré tán, kí pixel tó 1,920 sí 1,200, kí bátìrì ṣeé yọ, kí GPS rẹ̀ lè gba àmì L1 àti L5, ìyẹn oríṣi ìgbì méjì tí sátẹ́láìtì GPS ń fi àmì ránṣẹ́. Ó tún béèrè pé kí ẹni tó ń tà á mú ẹyọ kan wá kí wọ́n tó sanwó ìyókù, kí wọ́n gbé e lọ sí ibi ìsákòkó ní agogo 12 ọ̀sán, kí wọ́n fà á fún àgbẹ̀ kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Tí kò bá lè ka orúkọ ara rẹ̀ lójú ẹ̀rọ náà láìwọ ibòji, kí olùtajà gbé e padà.